Àlejò Tó Gba Ilé Mọ́ Onílé Lọ́wọ́: Ìtàn Igbó Erékùṣù Saint Helena

Tí wọ́n bá ní ká kọ ìtàn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ọba, ogun, ìjọba ológun àti òmìnira. Kò burú. Àmọ́ ewéko náà ní ìtàn. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó bi àwọn àgbà léèrè orúkọ èpò kan tó máa ń bo oko tí a bá ti pa tì, tí wọ́n máa ń fún omi ewé rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Wọ́n á ní Ewé Akíntọ́lá ni. Níbòmíràn, Ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, kò tún ní béèrè bóyá èpò náà ti wà láti ayé Odùduwà. Àlejò ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀, ó dé, ó sì jókòó.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Mo fẹ́ ká lọ sí erékùṣù kan tó kéré débi pé, tí èpò bá gbà á, kò sí ibòmíràn tí onílé lè sá lọ.

Saint Helena ni wọ́n ń pè é. Àárín Òkun Àtìláńtíìkì ló wà, láàárín Áfíríkà àti Brasil. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 122 lọ, láti etíkun Áfíríkà dé ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà. Àwọn tó ka ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ fi Napoleon pamọ́ sí láti 1815 títí tó fi kú ní 1821. Ti Napoleon la máa ń gbọ́. Ti igi tó ti wà níbẹ̀ kí Napoleon tó dé, ta ló ń sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Òkè oníná ló ti ìsàlẹ̀ òkun yọ tó di erékùṣù yẹn. Kò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kankan rí. Ohunkóhun tó bá máa dé ibẹ̀, àfi kí afẹ́fẹ́ gbé e wá, tàbí ẹyẹ, tàbí ìgbì òkun. Díẹ̀ ló dé. Àwọn díẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, wọ́n ń yí padà ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí wọ́n fi di irú tí kò sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run. Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gumwood. Ẹbí kan náà ni òun àti Ewé Akíntọ́lá wa o! Àmọ́ níbẹ̀, nítorí pé igi ńlá tó máa bá a du ààyè kò pọ̀, ọmọ ẹbí ewéko kékeré ga títí ó fi di igi. Kòkòrò àti àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí kò léegun, tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n wà láyé, lé ní 400. Èèyàn nìkan ni kò sí. Kò sì sí ẹran tó ń jẹ koríko rárá.

Ní 1502, João da Nova, atukọ̀ ará Pọtogí, kan erékùṣù náà. Inú àwọn Pọtogí dùn: omi tútù wà, igi wà, ibi ìsinmi rere ni fún ọkọ̀ tó ń ti Íńdíà bọ̀. Wọ́n wá da ewúrẹ́ síbẹ̀ kí àwọn atukọ̀ lè máa rí ẹran jẹ. Ìrònú ọlọ́gbọ́n nìyẹn lójú ẹni tí ebi ń pa. Ní 1588, tí Thomas Cavendish ará Gẹ̀ẹ́sì fi dé ibẹ̀, ewúrẹ́ ti pọ̀ lọ súà.

Ẹ fojú inú wò ó. Igi tí kò rí ẹran rí láyé rẹ̀, kò ní ẹ̀gún, kò korò lẹ́nu. Ewúrẹ́ kò lè wó igi ńlá, lóòótọ́. Ọmọ igi ló ń jẹ. Igi ńlá yóò máa dúró síbẹ̀, ojú á máa rí i, àwọn èèyàn á ní igbó ṣì wà. Àmọ́ nígbà tí igi àgbà bá darúgbó tó ṣubú, kò sí ọmọ tó máa rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i? Igbó náà ti kú tipẹ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Èèyàn náà dá kún un. Láti 1659 ni Kọ́ńpìnì East India ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀dó síbẹ̀. Wọ́n ń gé igi dáná, wọ́n ń bó èèpo igi láti fi ṣe awọ, wọ́n sì ń fi igi ẹ́bónì sun òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń mọlé. Ní 1709, òkú igi ti kún Sandy Bay. Ní 1724, ọ̀pọ̀ igi àgbà ti wó lulẹ̀. Ní 1731, àṣẹ jáde pé kí wọ́n pa gbogbo ẹran tó ń rìn kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń gbé erékùṣù kọ̀wé sí Kọ́ńpìnì ní London nípa ẹ́bónì tí ewúrẹ́ ń run, ìdáhùn tí wọ́n rí gbà ní 1745 ni pé ewúrẹ́ wúlò ju ẹ́bónì lọ. Ẹ má gbàgbé ìdáhùn yẹn o, a ó padà sí i. Ẹni tó jókòó sí London, tí kò tẹ ibẹ̀ rí, òun ló ń sọ èyí tó wúlò.

Nígbà tí Charles Darwin, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bàọ́lọ́jì mọ̀ bí ẹní mowó, dé ibẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1836, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú irú ewéko 746 tó wà lórí erékùṣù náà, 52 péré ni ọmọ onílé. Àwọn yòókù, àlejò ni wọ́n, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti wá. Àwọn tó tẹ̀dó ló gbin púpọ̀ nínú wọn kí ibẹ̀ lè dà bí ilé wọn. Kò tíì sí ẹni tó ń ro pé ohun tí a bá fi ọwọ́ wa gbìn lè wá borí wa.

Kí n tó kọjá, ohun kan kàn wá níbí yìí. Láti 1840 títí di 1872, Saint Helena ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ. Irú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀ ló gba Àjàyí Crowther wa sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Àwọn tí wọ́n kó dé Saint Helena lé ní 25,000, ìhà Kóńgò àti Àńgólà ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú síbẹ̀ nítorí àìsàn àti ìyà tí wọ́n ti jẹ nínú ọkọ̀, àfonífojì Rupert ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Nítorí náà, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá là ń sọ. Egungun ọmọ Áfíríkà wà nínú erùpẹ̀ yẹn.

Ó wá di 1869. Wọ́n la ojú ọ̀nà omi Suez. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Íńdíà kò nílò àtiyí gbogbo Áfíríkà po mọ́, Saint Helena sì ni ọkọ̀ ń bọ́. Ọjà kú. Ebi wọ̀lú. Nínú ìṣòro yẹn ni ọkàn ìjọba ti lọ sí ewéko kan láti New Zealand tí wọ́n ń pè ní fíláàsì. Kì í ṣe ọ̀gbọ̀ tí Bíbélì ń sọ o, orúkọ ló papọ̀. Ewé ti New Zealand yìí gùn bí idà, ó le, okùn sì wà nínú rẹ̀ tí kì í tètè já. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ láàárín ọdún 1870 sí 1880, kò fi bẹ́ẹ̀ rí já. Ní 1907 ni ìjọba tún dá ẹ̀rọ sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó bọ́ sí i. Nígbà ogun àgbáyé méjèèjì, owó rẹ̀ gòkè. Ní 1951, ohun tí erékùṣù náà tà sókè òkun pọ̀ ju ohun tó rà wọlé lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi okùn náà ṣe jù? Òun ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ń di ẹrù lẹ́tà.

Nítorí okùn lẹ́tà ni wọ́n ṣe fi fíláàsì bo òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, títí dé ibi gíga jù lọ, ní àyíká òkè Diana's Peak, níbi tí ìyókù igbó àtijọ́ sá pamọ́ sí nínú ìkùukùu. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bú àwọn tó gbìn ín. Fíláàsì ló bọ́ ìdílé wọn, òun ló rán ọmọ wọn níléèwé. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, láti orí òkè tí wọ́n ti ń gé e títí dé ìdí ẹ̀rọ tó ń bó o.

Àmọ́ ohun tó bá ti so mọ́ ẹnu ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ẹni yẹn bá panu dé ni ó parí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo okùn tí wọ́n ń ṣe láti inú kẹ́míkà. Ní 1966, iṣẹ́ fíláàsì kógbá wọlé. Ẹ̀rọ dákẹ́, òṣìṣẹ́ lọ sílé. Fíláàsì nìkan ni kò lọ sí ibì kankan. Kò sí ẹni tó ń gé e mọ́, ó wá rí ààyè.

Ó ń tàn lọ sókè. Ibi tó bá dúró sí, ewé rẹ̀ á dì pọ̀ bí ògiri, ìtànṣán oòrùn kò ní dé ilẹ̀, ọmọ igi onílé kò ní lè hù lábẹ́ rẹ̀. Kòkòrò tó jẹ́ pé ara igi onílé nìkan ló ń gbé, tí igi bá tán, òun náà tán nìyẹn. Omi náà kò gbẹ́yìn. Orí òkè yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi tí erékùṣù ń mu ti ń wá. Àwọn igi onílé àti igi fern wọn máa ń gba ìrì inú ìkùukùu, á máa kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀, ilẹ̀ á mu ún, á sì di ìsun.

Ọ̀rọ̀ kan àwọn igi méjì báyìí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Èkíní ni ẹ́bónì, èyí tí London ní kò tó ewúrẹ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí gbogbo èèyàn ti gbà pé ó ti tán láyé. Ní 1980, ọmọ erékùṣù náà kan tó ń ṣiṣẹ́ igbó, George Benjamin, àti onímọ̀ ewéko kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Quentin Cronk, ń wo bèbè àpáta kan tó ga fíofío lókè òkun, níbi tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kò ti lè dé. Wọ́n rí igi kúkúrú méjì tó lẹ̀ mọ́ àpáta. Charlie, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n George, ẹ sáà mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ló sọ̀kalẹ̀ lọ gé ẹ̀ka rẹ̀ wá. Ẹ̀ka yẹn ni wọ́n gbìn tó yè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ́bónì tí wọ́n ti gbìn lẹ́yìn náà, ọmọ àwọn méjì yẹn ni.

Ìkejì ni ólífì Saint Helena. George Benjamin yìí kan náà ló rí ẹyọ kan péré ní 1977, nígbà tí wọ́n ti ní ó tán. Wọ́n sáré, wọ́n gé ẹ̀ka, wọ́n wá èso. Àmọ́ igi yìí kì í fẹ́ gba ìyẹ̀fun òdòdó ara rẹ̀, ó fẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹlòmíràn kò sì sí. Àrùn tún ń ba ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ní 1994, igi inú igbó kú. Ní 2003, èyí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kú. Ó parí. Irú rẹ̀ kò sí láyé mọ́. Kì í ṣe ìtàn ayé àtijọ́ o. Ní 2003 yìí, fóònù alágbèéká ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn l'Ékòó.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí àdá àti iná ló gbà? Kí wọ́n gé gbogbo fíláàsì, kí wọ́n sun ún, ká ríran!" Èyí gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí. Àwọn àgbà ní ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú níí le koko-ko. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni òkè yẹn. Tí wọ́n bá ká fíláàsì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàrá á wọ́ erùpẹ̀ lọ sínú òkun, èyí tí kò bá lọ, àwọn èpò mìíràn tó ń ṣọ́ ẹ̀bá ni yóò gbà á. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní whiteweed, ìbátan tó sún mọ́ Ewé Akíntọ́lá ni. Ẹ ò rí i pé ẹbí yìí náà ni! Ọmọ kan di igi gumwood tó ń ṣọ́ ilé, èkejì di èpò tó ń gba ilé. Kì í ṣe orúkọ ẹbí ló ń sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀tá. Ibi tó bá ara rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni.

Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á mú abala kékeré kan, wọ́n á fi ọwọ́ gé fíláàsì ibẹ̀. Wọ́n á fi ewé tí wọ́n gé sílẹ̀ kó bo ilẹ̀, kí erùpẹ̀ má bàa lọ. Wọ́n á gbin igi fern àti àwọn ọmọ igi onílé tí wọ́n ti tọ́ dàgbà ní násírì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa padà wá, lọ́dọọdún, láti fa èpò tó bá tún yọrí. Tí ibẹ̀ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á bọ́ sí abala tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ yìí kò lárinrin. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n á ṣí i pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò. Ní 1996, wọ́n sọ àyíká Diana's Peak di ọgbà ìjọba tí òfin ń dáàbò bò. Ní 2000, àwọn ará erékùṣù fúnra wọn, tọmọdé tàgbà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin gumwood sí apá kan ilẹ̀ gbígbẹ tí Igbó Ńlá wọn wà láyé àtijọ́. Millennium Forest ni wọ́n sọ ọ́.

Kí ẹ má sì rò pé gbogbo àlejò ni wọ́n ń lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kòkòrò kan tó ń fa omi ara igi, tó ti Amẹ́ríkà wá, bo gumwood. Igbó gumwood àdánidá méjì péré ló kù láyé, igi sì ń kú lọ. Oògùn apakòkòrò kò ṣeé fọ́n káàkiri, yóò pa àwọn kòkòrò onílé mọ́ ọn. Ní 1993, wọ́n gba kòkòrò roboto kékeré kan láti Kẹ́ńyà, tó ní àmì tótòtó lẹ́yìn, tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ irú kòkòrò tó ń pa igi yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá yóò jẹ nǹkan mìíràn, lẹ́yìn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1995, ewu ti rọlẹ̀. Àlejò ló gba onílé lọ́wọ́ àlejò. Ohun tó yàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ewúrẹ́ 1502 ni pé lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n béèrè ìbéèrè kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣé igi la ó jẹ ni?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Iṣẹ́ kò pọ̀ ní Saint Helena. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọn ló ń lọ wá iṣẹ́ sí Ascension, Falkland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2017 tí ọkọ̀ òfurufú akérò ti ń dé ibẹ̀ déédéé, ìrètí ti wà pé àlejò yóò máa wá náwó, àmọ́ irúgbìn àjèjì náà lè tẹ̀ lé wọn nínú ẹrù àti lábẹ́ bàtà, ni wọ́n ṣe ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ibodè. Ìdáhùn mi nìyí: igbó kò jẹ́ fún ẹwà nìkan. Omi inú ẹ̀rọ wọn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń fa fíláàsì lórí òkè ń tún kànga gbogbo ìlú ṣe. Iṣẹ́ oṣù sì ni fún un pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí gígé fíláàsì ṣe jẹ́ iṣẹ́ fún bàbá rẹ̀ àgbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìdáhùn 1745. Ẹni tó wà ní London kò parọ́ o: lójú ìwé ìṣirò rẹ̀, ewúrẹ́ wúlò ju ẹ́bónì lọ. Lójú ilé ìfìwéránṣẹ́ náà, fíláàsì wúlò, títí di ọjọ́ tí kò wúlò mọ́. Àwọn tó ṣírò èrè kò sí níbẹ̀ nígbà tí gbèsè dé. Ọmọ onílẹ̀ ló ń san án, ìdì fíláàsì kan lẹ́yìn òmíràn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, kò sì tíì tán.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ewéko náà ní ìtàn, tí mo sì fẹ́ kí àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ máa kà á. Lọ́la, àwa kan nínú wa ni yóò jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bu ọwọ́ lu ìwé: igi tuntun fún pápá yìí, ẹja tuntun fún odò yẹn, irúgbìn kan tí wọ́n ní yóò sọ gbogbo àgbẹ̀ di olówó. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kí a béèrè ohun tó máa jẹ, ibi tó máa gbà, àti ẹni tó máa fà á tu lọ́jọ́ tí ọjà rẹ̀ bá kú. Kí a sì lọ bi ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ náà kí a tó bu ọwọ́ lù ú, nítorí pé George Benjamin ló mọ bèbè tí ẹ́bónì fara pamọ́ sí. London kò mọ̀ ọ́n.